Ta ló ń tú àṣírí apànìyàn gan-an?

Nígbà tí iná bá wà lálẹ́ ní Ìkìrun, Inísà tàbí Òkukù, ẹni tó fẹ́ràn eré ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ lórí tẹlifíṣọ̀n kò ní ṣàì mọ irú ọkùnrin yìí: ó gbọ́n ju gbogbo ọlọ́pàá lọ, àmọ́ ayé òun fúnra rẹ̀ dojú rú. Fitz, tí Robbie Coltrane ṣe nínú Cracker ní Britain láti 1993, ń mutí, ó sì ń ta tẹ́tẹ́. Will Graham inú Hannibal (2013 sí 2015) a máa fi ara rẹ̀ sípò apànìyàn títí orí òun náà á fi fẹ́ dàrú. Wọ́n á wo òkú, wọ́n á dijú, wọ́n á sì sọ irú ẹni tó pa á.

Iṣẹ́ náà wà lóòótọ́. FBI ti Amẹ́ríkà dá ẹ̀ka kan sílẹ̀ fún ìmọ̀ ìhùwàsí ọ̀daràn ní 1972. Robert Ressler àti John Douglas, òṣìṣẹ́ ibẹ̀, lọ bá àwọn apànìyàn nínú ẹ̀wọ̀n. Ẹni 36 ni wọ́n lò fún ìwádìí wọn: báwo ni wọ́n ṣe ń yan ẹni tí wọ́n máa pa, kí ni wọ́n sì ń ṣe lẹ́yìn rẹ̀?

Àmọ́ ìfura kò tíì di ẹ̀rí.

Ní 1956, àwọn ọlọ́pàá New York ké sí dókítà ọpọlọ James Brussel nítorí ẹnì kan tó ti ń ri bọ́ǹbù mọ́ ìgboro láti 1940. Brussel sọ irú ẹni tó jẹ́, títí dórí kóòtù tó máa wọ̀. Ìtàn kóòtù yìí ló gbajúmọ̀. Àmọ́ Alice Kelly, akọ̀wé ní ilé iṣẹ́ mọ̀nàmọ́ná Con Edison, ló ṣí fáìlì àtijọ́ àwọn òṣìṣẹ́ tó fara pa, tó sì rí i pé ọ̀rọ̀ inú lẹ́tà George Metesky bá ti ajubọ́ǹbù náà mu. Ní January 1957, ọwọ́ tẹ Metesky.

Ti London burú jù bẹ́ẹ̀ lọ. Nígbà tí wọ́n pa obìnrin kan tó ń jẹ́ Rachel Nickell níbẹ̀ ní 1992, àwọn ọlọ́pàá tẹ̀lé àpèjúwe onímọ̀ ọkàn kan, wọ́n sì dójú lé ọkùnrin kan. Adájọ́ da ẹjọ́ náà nù ní 1994. Robert Napper tó pa á gan-an ti pa obìnrin mìíràn àti ọmọ rẹ̀ ní 1993. DNA ló tú u fó. Ó jẹ́wọ́ nílé ẹjọ́ ní 2008.

Èyí tó kan ilẹ̀ Yorùbá ni ti ọmọdékùnrin tí wọ́n rí òkú rẹ̀, láìlórí, láìlápá, láìlẹ́sẹ̀, nínú odò Thames ní September 2001. Adam ni àwọn ọlọ́pàá sọ ọ́. South Africa ni wọ́n kọ́kọ́ fura sí, débi pé Nelson Mandela bá wọn ké sí aráyé. Egungun ọmọ náà sọ nǹkan mìíràn.

Àpáta ló ń bí erùpẹ̀, erùpẹ̀ ló ń bọ́ iṣu, iṣu àti omi ló sì ń kó èròjà bíi strontium sínú egungun ẹni tó ń jẹ wọ́n. Àpáta abẹ́ Ìkìrun, Inísà àti Òkukù, bíi ti ibi púpọ̀ nílẹ̀ Yorùbá, ti lé ní 500 mílíọ̀nù ọdún, àmì tó sì ń fi sílẹ̀ lára yàtọ̀ sí ti London. Àwọn ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ wá sí Nàìjíríà, wọ́n bu erùpẹ̀, wọ́n kó egungun, wọ́n fi wọ́n wé ti Adam. Àmì náà darí wọn sí agbègbè tó wà láàárín Ìbàdàn àti Benin.

Egungun sọ ibi tó ti wá, kò sọ ẹni tó pa á. Wọn ò tíì dá ẹnikẹ́ni lẹ́bi ìpànìyàn náà.

Irú àyẹ̀wò báyìí ń fẹ́ ilé iṣẹ́, ẹ̀rọ àti owó. Ìjọba Èkó ṣí ilé àyẹ̀wò DNA tirẹ̀ ní 2017. Nínú rògbòdìyàn October 2020 tó tẹ̀lé ìwọ́de EndSARS, àwọn jàǹdùkú bà á jẹ́.