Ọ̀nà Méjì Tí Ọ̀dọ́ Dókítà Ń Gbà Kúrò ní Ifẹ̀

Ká ní dókítà ọ̀dọ́ méjì jọ ń ṣiṣẹ́ ní ilé ìwòsàn OAUTHC, ní Ilé-Ifẹ̀: ojú ni ọ̀kan ń tọ́jú, ẹ̀dọ̀fóró ni èkejì ń tọ́jú. Bí wọ́n bá fẹ́ fi ìmọ̀ kún ìmọ̀, ojú ọ̀nà wọn á yà.

Fẹ́lóṣíìpù International Council of Ophthalmology a máa gbé ọ̀dọ́ dókítà ojú lọ sílẹ̀ òkèèrè fún oṣù mẹ́ta, kó lọ jókòó ti ọ̀gá. Ní ti ẹ̀dọ̀fóró, ẹ̀kọ́ MECOR wà, èyí tí American Thoracic Society bẹ̀rẹ̀ ní 1994, tí ẹgbẹ́ Pan African Thoracic Society (PATS) sì gbé wọ Áfíríkà ní 2007. Ọ̀sẹ̀ kan péré ni lọ́dún, ìpele mẹ́ta ló sì ní. Níhìn-ín, ọ̀gá ló ń wá bá ọmọṣẹ́.

Ti àkọ́kọ́ ń kọ́ni ní iṣẹ́ ọwọ́, ti èkejì ń kọ́ni bí a ṣe ń béèrè ìbéèrè tí iye lè dáhùn. Mo rò pé ẹ̀yà ara gan-an ló fà á. Dókítà á rí àrùn ojú cataract lábẹ́ ẹ̀rọ ìyẹjú slit lamp, ṣùgbọ́n ẹ̀dọ̀fóró fara pa mọ́ sẹ́yìn egungun ìhà; àfi kí aláìsàn fẹ́ èémí sínú ẹ̀rọ, kí a wá ka nọ́ńbà. Bẹ́ẹ̀ ni ìwádìí ẹ̀dọ̀fóró BOLD ṣe ṣe é ní Ilé-Ifẹ̀: àgbàlagbà 875 fẹ́ èémí dáadáa, ìdá 7.7 nínú ọgọ́rùn-ún ni ọ̀nà èémí wọn dí.

Síbẹ̀, ẹ jẹ́ ká wò ó dáadáa. Àrùn ojú glaucoma kì í pariwo. Ó ń jí ìríran díẹ̀díẹ̀ bí ẹ̀dọ̀fóró ṣe ń daṣẹ́ sílẹ̀ láìjẹ́ kí ẹni tó ni ín mọ̀. Àwọn dókítà ojú náà ti wá iye kiri Nàìjíríà, láti 2005 sí 2007, tí wọ́n yẹ ojú 13,591 èèyàn wò. Ẹni ogójì ọdún sókè ni ìwádìí méjèèjì mú. Iṣẹ́ ọwọ́ sì wà nídìí ẹ̀rọ èémí: "Ìyá, ẹ mí sínú dáadáa. Ó yá, ẹ fẹ́ ẹ! Ẹ má dúró, ẹ má dúró!" Ohùn kan náà ni ti yàrá ojú: "Bàbá, ẹ gbé àgbọ̀n síbí, ẹ má ṣẹ́jú." Ó wù mí gan-an láti gbọ́ méjèèjì.

Oṣù mẹ́ta gùn: àwọn tó kù nílé ló ń gba iṣẹ́ ẹni tó lọ ṣe. Ọ̀sẹ̀ kan rọrùn láti gba àyè fún, àmọ́ tó bá parí, ìbéèrè ìwádìí á bá dókítà padà sí iṣẹ́ òru, dókítà náà á sì máa dá gbé e.

Méjèèjì ló gbọ́dọ̀ padà sílé. Ẹni tó kọ́ iṣẹ́ abẹ ń wá ẹ̀rọ tó jọ èyí tó fi kọ́ṣẹ́. Ẹni tó kọ́ ìwádìí ń wá ẹnu ẹ̀rọ tuntun fún gbogbo ẹni tó bá fẹ́ fẹ́ èémí.