Ìdánìkanwà Nìkan Kò Tó: Ọ̀rọ̀ Ìmọ̀lára Mẹ́rin Nínú Èdè Kòríà

Ẹni tí ó bá fẹ́ túmọ̀ ìtàn tàbí eré Kòríà sí Yorùbá lè tètè nawọ́ gán ‘ìdánìkanwà’ nígbàkígbà tí ìrora àìlẹ́nìkan bá jẹyọ. Ṣùgbọ́n ipò tí ènìyàn wà ni ọ̀rọ̀ yìí ń sọ, kì í ṣe ohun tí ó ń ṣe é nínú. Èdè Kòríà ya ipò náà sọ́tọ̀ kúrò lára ìmọ̀lára, ó sì tún pín ìmọ̀lára náà sí oríṣiríṣi.

Oeropda (외롭다) jẹ́ ti ọkàn tí kò rí ẹni fara tì. Ó lè ṣe ẹni tí ó wà láàrin èrò, kí ó má sì ṣe ẹni tí ń dá gbé rárá. Gírámà rẹ̀ ni ó yẹ fún àfiyèsí jù. Nínú gbólóhùn àlàyé ìgbà ìsinsìnyí, ẹni kìíní ni ó sábà máa ń jẹ́ olùwà fún un, nítorí pé kò sí ẹni tí ó lè wọ inú ẹlòmíràn lọ wò. Bí ọ̀rọ̀ bá kan ẹni kẹta, àfòmọ́ ìparí -eohada ni wọ́n ń lò, tí ó fi di oerowohada: ìmọ̀lára náà hàn lára onítọ̀hún. (Nínú ìtàn àròsọ, asọ̀tàn lè rékọjá ààlà yìí.) Yorùbá kò ní irú ìdènà bẹ́ẹ̀. ‘Àárò ń sọ mí’ àti ‘àárò ń sọ Àdùkẹ́’ kò yàtọ̀ ní ìhun: ìmọ̀lára ni olùwà, ẹni tí ó ń ṣe ni àbọ̀.

Sseulsseulhada (쓸쓸하다) kò mọ sí inú ọkàn. Òpópónà tí èrò ti tán níbẹ̀ àti ojú ọjọ́ tí ó tutù tí ó sì ṣú ni wọ́n tún fi ń júwe. Àpètúnpè tí ó wà nídìí rẹ̀ mú un sún mọ́ ‘páropáro’, bí ilé bá dá páropáro. Ṣùgbọ́n ó ṣọ̀wọ́n kí páropáro tó kúrò lára ilé wọ inú ènìyàn.

Ohun tí ó ti wà rí tí kò sí mọ́ ni heojeonhada (허전하다) ń tọ́ka sí. Ilé tí ọmọ ti ṣègbéyàwó kúrò ń mú un wá. Bẹ́ẹ̀ náà ni ọrùn-ọwọ́ tí aago kò sí lórí rẹ̀. Àárò ni ó bá a mu jù, àmọ́ ta ni yóò sọ pé àárò aago ń sọ ọwọ́ òun, àfi aláwàdà?

Godok (고독) ni ó gba ìṣọ́ra jù. Láti inú èdè Ṣáínà ni ó ti wá, ohùn ìwé sì wà lára rẹ̀: akéwì lè fúnra rẹ̀ yan godok, ohun tí kò rọrùn láti sọ nípa oeropda. Síbẹ̀ ìdílé líle ni ó ti jáde. Nínú bí Mencius ṣe ka àwọn aláìlólùrànlọ́wọ́, go ni ọmọ òrukàn, dok ni arúgbó tí kò lọ́mọ. Nígbà tí sa, ìyẹn ikú, bá lẹ̀ mọ́ ọn, ó di godoksa (고독사), ikú ẹni tí okùn àárín òun àti ẹbí àti aládùúgbò ti já. Gúúsù Kòríà ṣe òfin lórí ìdènà rẹ̀ ní 2020, ó sì bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní oṣù kẹrin 2021. Bí atúmọ̀ èdè bá pè é ní ‘ikú ìdánìkanwà’, yóò dà bí ẹni pé òkú náà ló fẹ́ dá wà. ‘Ikú aláìlẹ́nìkan’ sún mọ́ ọn jù, nítorí ó tọ́ka sí àwọn tí kò sí níbẹ̀.