Aláta Tó Ń Kọ́ Ìmọ̀ Ìràwọ̀



Ọ̀rọ̀ tó ń jà ràn-ìn ní ìlà aláta ni mo fẹ́ sọ. Ọ̀kan nínú wa, ẹni ọdún 41, ló ní òun fẹ́ lọ kọ́ físíìsì ní yunifásítì, kí òun lè mọ ohun tó ń bẹ nínú ìràwọ̀. Kò tíì wọlé o. Òun fúnra rẹ̀ ló ń kọ́ ara rẹ̀, bí ọjà bá ti dá. Àwọn kan ń fi í ṣe yẹ̀yẹ́. Àwọn mìíràn tilẹ̀ ní kí ẹgbẹ́ gba ìsọ̀ rẹ̀ fún ẹlòmíràn, nítorí pé ó ń tètè palẹ̀ mọ́.

Mo bi í léèrè ohun tó ti kọ́. Ó ní, “Ìyá, ṣé ẹ ti rí irin lọ́dọ̀ alágbẹ̀dẹ? Bó bá gbóná, á pọ́n. Bí wọ́n bá ń fínná sí i, á máa funfun lọ.” Ó ní bẹ́ẹ̀ náà ni ìràwọ̀: èyí tó pọ́n kò gbóná tó èyí tó funfun, èyí tó dà bí aró ló gbóná jù. Àwọ̀ yìí ni wọ́n fi ń mọ bó ṣe gbóná tó, láìfọwọ́ kàn án. Ìmọ́lẹ̀ oòrùn ń lo nǹkan bí ìṣẹ́jú 8 kó tó dé orí àtẹ wa. Àgùàlà tí wọ́n ṣe bí ajá òṣùpá ni ńkọ́? Kì í ṣe ìràwọ̀ rárá! Ó ń yí oòrùn po bí ayé wa ni, ìmọ́lẹ̀ oòrùn ló sì ń tàn lára rẹ̀. Ẹnu yà mí.

Ìṣirò ló ń dà á láàmú. Owó àpò ata 12, orí ló fi ń ṣe é, kì í ṣì. Ṣùgbọ́n bí wọ́n bá ti fi lẹ́tà sí ipò nọ́ńbà, ó parí. Ọmọ rẹ̀ tó wà ní SS 2 ló ń ṣe tíṣà fún un.

Kì í ṣe òun ló máa kọ́kọ́ ṣe é. Jámánì ni wọ́n ti bí Caroline Herschel lọ́dún 1750. Iṣẹ́ ilé nìkan ni ìyá rẹ̀ fẹ́ kó mọ̀. Ẹni ọdún 22 ni nígbà tí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ William mú un lọ sí ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, tó ń kọ́ ọ ní ìṣirò nídìí oúnjẹ àárọ̀. Táímùsì kò wọ orí rẹ̀. Ṣe ló kọ ọ́ sórí tákàdá, tó ń mú un kiri. Obìnrin yìí náà ló rí ìràwọ̀ onírù ní 1 August 1786! Mẹ́jọ ló rí lápapọ̀. Láti 1787, ọba ń san 50 pọ́n-ùn fún un lọ́dún. Kò wọ yunifásítì. Wọn kì í gba obìnrin níbẹ̀ nígbà náà.

Wọ́n ń gba tiwa báyìí, bó bá ti ní kírẹ́díìtì márùn-ún, tí Gẹ̀ẹ́sì, ìṣirò àti físíìsì wà nínú rẹ̀. Ní ti ìsọ̀ yẹn, ìwé owó ẹgbẹ́ wà lọ́wọ́ mi: kò jẹ wá ní kọ́bọ̀. Ọ̀rọ̀ náà á dé ìpàdé. Ẹni tí ọmọ rẹ̀ bá ti ka ìwé físíìsì tán, kó mú un bọ̀ lọ́jọ́ náà.