Nígbà tí Ẹ́ńjìnnì Bàálù Kò Bá Fà Mọ́: Ìlàlóye lórí Àtúnṣe Kànńpá

Ta ni ìwé yìí wà fún?

Ìwé yìí wà fún ẹni tó ń wọ bàálù, ẹni tó ní bàálù, awakọ̀ òfuurufú, àti ẹnjiníà tó ń tú ẹ́ńjìnnì tó sì ń tò ó. Ó ṣàlàyé ohun tó ń mú kí agbára ẹ́ńjìnnì já lójú òfuurufú, ìdí tí ìjọba fi ń fi àṣẹ de àwọn àtúnṣe kan, àti ojúṣe oníkálukú nínú rẹ̀.

Bí àyè kò bá sí láti ka gbogbo rẹ̀, ẹ mú èyí dání: àtúnṣe tí àṣẹ kànńpá bá ti dé lórí rẹ̀ kò ní "ó di ọ̀la." Bí gbèdéke tí wọ́n fún un bá pé, tí wọn kò sì tíì ṣe é, bàálù náà kò gbọdọ̀ kúrò nílẹ̀.

Kí ni à ń pè ní jíjá agbára?

Ẹni tó bá ní jẹnẹrétọ̀ nílé ti mọ ọ̀rọ̀ yìí. Jẹnẹrétọ̀ lè máa dún bí ẹni pé kò sí nǹkan kan tó ṣe é, àfi ìgbà tí ẹ bá tan fíríìjì sí i. Ohùn rẹ̀ á rẹlẹ̀, iná á ṣú, mẹkáníìkì á dé, á ní kò fà mọ́. Ẹ́ńjìnnì bàálù náà ń ṣe bẹ́ẹ̀. Kò di dandan kó kú pátápátá. Ó lè máa yí lọ, ṣùgbọ́n nígbà tí awakọ̀ bá béèrè agbára lọ́wọ́ rẹ̀, kò ní dáhùn.

Àwọn ohun tó sábà ń fà á nìyí:

- Epo kò dé inú ẹ́ńjìnnì bó ṣe yẹ, bóyá torí pé páìpù là, tàbí pé asẹ́ dí, tàbí pé yìnyín dí ojú ọ̀nà.
- Epo fúnra rẹ̀ kò mọ́. Omi tàbí ìdọ̀tí ti wọ inú rẹ̀.
- Afẹ́fẹ́ kò wọlé tó. Nínú bàálù kéékèèké tó ń lo kabúrétọ̀, ọ̀rinrin inú afẹ́fẹ́ lè di yìnyín ní ọ̀fun kabúrétọ̀, kódà lọ́jọ́ tí ooru mú.
- Ẹ̀yà kan ti gbó, tàbí ẹni tó tò ó kò tò ó bí ìwé iṣẹ́ ṣe wí.

Ṣé ẹ́ńjìnnì kan kò lè gbé bàálù ni?

Ó lè gbé e. Òfin kì í gbà kí bàálù akérò ńlá tó ní ẹ́ńjìnnì méjì kó èrò, àfi bí wọ́n bá ti fi hàn pé bí ọ̀kan bá kú nígbà tó ń gbéra, èkejì á gbé e lọ, á sì mú un balẹ̀. Ìdí nìyẹn tí ọ̀pọ̀ bàálù tí ẹ́ńjìnnì kan dákẹ́ lára wọn fi ń balẹ̀ láyọ̀.

Ohun tó yẹ kó bà wá lẹ́rù ni àìsàn tó ń mú méjèèjì pọ̀. Ìbejì ni ẹ́ńjìnnì bàálù kan sábà máa ń jẹ́. Iléeṣẹ́ kan náà ló ṣe wọ́n, epo kan náà ni wọ́n ń mu, òtútù kan náà ń fẹ́ sí wọn. Ohun tó ṣe Táíwò lè ṣe Kẹ́hìndé kí wákàtí tó yí. Irú àléébù yìí gan-an ni àṣẹ kànńpá wà láti mú kúrò kó tó débẹ̀. Ìtàn méjì tó tẹ̀ lé e yìí á fi hàn.

Ìtàn kìíní: Heathrow, 2008

Ní ọjọ́ 17 oṣù Kìíní ọdún 2008, Boeing 777 kan ti British Airways ń bọ̀ láti Beijing ní Ṣáínà, ó ti fẹ́ balẹ̀ ní Heathrow ní Lọ́ńdọ̀nù. Èèyàn 152 ló wà nínú rẹ̀. Nígbà tó ku ẹsẹ̀ bàtà 720 kó kan ilẹ̀, agbára ẹ́ńjìnnì ọ̀tún wálẹ̀. Ìṣẹ́jú-àáyá bíi méje lẹ́yìn náà, tòsì tẹ̀ lé e. Wọ́n béèrè agbára sí i, ẹ́ńjìnnì kò fún wọn. Ọ̀gá awakọ̀ dín bí apá bàálù ṣe nà sílẹ̀ kù díẹ̀ kí ó lè sún síwájú sí i, bàálù náà sì já lélẹ̀ lórí koríko, ní nǹkan bíi mítà 330 sí ojú ọ̀nà ìbalẹ̀. Èèyàn 47 fara pa, ẹnikẹ́ni kò kú.

Ìwádìí pẹ́. Epo inú táńkì tutù dé ìwọ̀n 34 sísàlẹ̀ òdo lórí òṣùwọ̀n Celsius lójú ọ̀nà. Epo náà kò dì, kò sì láléébù. Omi kékeré tó máa ń wà nínú gbogbo epo bàálù ló di yìnyín, tó lẹ̀ mọ́ inú páìpù. Nígbà tí wọ́n béèrè agbára púpọ̀, epo sáré, ó gbá yìnyín náà lọ bá ẹ̀yà kan tí epo tútù àti ọ́ìlì gbígbóná ẹ́ńjìnnì ti ń fẹ̀gbẹ́ kan ara wọn láìdàpọ̀, kí ọ́ìlì lè mú epo lọ́wọ́ọ́wọ́.

Ẹ wo ẹ̀yà yìí dáadáa, torí ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ wà. Páìpù tẹ́ẹ́rẹ́ tó ju ẹgbẹ̀rún kan lọ ló wà nínú rẹ̀, tí wọ́n tò mọ́ ojú àwo irin bí ihò asẹ́. Orí àwọn páìpù náà yọ jáde díẹ̀ lójú àwo. Àárín àwọn orí tó yọ jáde yìí ni yìnyín há sí, tó sì bo ẹnu páìpù. Àtúnṣe tí iléeṣẹ́ Rolls-Royce, tó ṣe ẹ́ńjìnnì náà, wá ṣe ni pé kí orí páìpù dọ́gba pẹ̀lú ojú àwo, kí yìnyín má ríbi rọ̀ mọ́. Mìlímítà díẹ̀ ni gbogbo ìyàtọ̀ náà.

Kí àtúnṣe náà tó délẹ̀, àwọn aláṣẹ kọ́kọ́ fún awakọ̀ ní ìlànà fún ìgbà díẹ̀. Ní ọjọ́ 26 oṣù Kọkànlá ọdún 2008 kan náà, ẹ́ńjìnnì kan já agbára lára Boeing 777 mìíràn lókè Montana, nígbà tó ń ti Shanghai lọ sí Atlanta. Awakọ̀ tẹ̀ lé ìlànà náà. Wọ́n dín agbára kù kí ọ́ìlì gbígbóná lè yọ́ yìnyín, ẹ́ńjìnnì padà bọ̀ sípò, wọ́n sì balẹ̀ láyọ̀. Lẹ́yìn náà ni àṣẹ kànńpá dé láti Yúróòpù àti Amẹ́ríkà pé kí wọ́n pààrọ̀ ẹ̀yà náà. Ní Yúróòpù, wọ́n gbọ́dọ̀ ti parí rẹ̀ kó tó di ọjọ́ 1 oṣù Kìíní ọdún 2011.

Ìtàn kejì: Ìjù-Ìṣàgá, 2012

Ní ọjọ́ Àìkú, ọjọ́ 3 oṣù Kẹfà ọdún 2012, bàálù MD-83 ti Dana Air gbéra ní Àbújá, ó ń bọ̀ wá sí Èkó. Ìṣẹ́jú 17 lẹ́yìn tó gbéra, ẹ́ńjìnnì kìíní já agbára. Nígbà tó ń sọ̀kalẹ̀ bọ̀ ní Èkó, ẹ́ńjìnnì kejì náà kò dáhùn mọ́. Bàálù náà já lé ilé àwọn èèyàn lórí ní Ìjù-Ìṣàgá. Gbogbo àwọn 153 tó wà nínú rẹ̀ kú, èèyàn mẹ́fà sì kú nílẹ̀.

Ìjábọ̀ ìkẹyìn tí àjọ tó ń wádìí ìjàǹbá òfuurufú ní Nàìjíríà gbé jáde lọ́dún 2017 sọ pé páìpù tó ń pín epo sínú ẹ́ńjìnnì méjèèjì ti là, ti kán, ti tẹ̀ tàbí ti lọ́. Epo ń jò síbi tí kò yẹ, agbára sì ń lọ. Iléeṣẹ́ Pratt & Whitney, tó ṣe ẹ́ńjìnnì náà, ti gbé ìwé àtúnṣe jáde láti ọdún 2003, èyí tó fi páìpù tó lágbára sí i rọ́pò irú ti tẹ́lẹ̀. Ẹ́ńjìnnì kìíní lọ fún àtúnṣe ńlá lọ́dún 2011, síbẹ̀ wọn kò ṣe ohun tí ìwé náà là sílẹ̀ sí i. Ìjábọ̀ náà tún sọ pé àwọn awakọ̀ kò lo ìwé àtẹ̀lé tó wà fún irú wàhálà bẹ́ẹ̀, wọn kò sì balẹ̀ sí pápákọ̀ òfuurufú tó sún mọ́ wọn jù lọ. Ní oṣù Kẹwàá ọdún 2013, bàálù mìíràn ti iléeṣẹ́ kan náà ní láti yí padà nítorí àmì àìsàn kan náà lára ẹ́ńjìnnì. Ẹ́ńjìnnì ọ̀hún náà kò tíì gba àtúnṣe ọdún 2003 yẹn.

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní ogun àgbọ́tẹ́lẹ̀ kì í pa arọ tó bá gbọ́n. Nǹkan bí ọdún mẹ́sàn-án ló wà láàárín ìwé ọdún 2003 àti ọjọ́ Àìkú yẹn.

Ìyàtọ̀ láàárín ìmọ̀ràn àti àṣẹ

Ìwé méjì ló ń jáde nípa àléébù ẹ́ńjìnnì, wọn kì í sì í ṣe ọ̀kan náà.

*Ìwé ìmọ̀ràn*, bí ìwé àtúnṣe ọdún 2003 yẹn, ń wá láti ọ̀dọ̀ iléeṣẹ́ tó ṣe ẹ́ńjìnnì. Ó ń sọ ohun tí wọ́n rí àti bí a ṣe lè tún un ṣe. Ìwé náà nìkan kì í sábà jẹ́ òfin.

*Àṣẹ kànńpá* ń wá láti ọ̀dọ̀ ìjọba: FAA ní Amẹ́ríkà, EASA ní Yúróòpù, NCAA ní Nàìjíríà. Òfin ni. Lábẹ́ òfin Amẹ́ríkà, gbogbo ìgbà tí bàálù bá fò láìṣe ohun tí àṣẹ náà wí, ẹ̀ṣẹ̀ ọ̀tọ̀ ni.

Ìlú tí wọ́n ti fọwọ́ sí àwòrán ẹ́ńjìnnì ló máa ń kọ́kọ́ gbé àṣẹ jáde. Lábẹ́ àdéhùn àgbáyé lórí ìrìnnà òfuurufú, ó gbọ́dọ̀ fi tó àwọn orílẹ̀-èdè tó ń lo irú ẹ́ńjìnnì bẹ́ẹ̀ létí. Iṣẹ́ orílẹ̀-èdè tí bàálù ti forúkọ sílẹ̀ ni láti rí i pé wọ́n ṣe é. Bàálù tí nọ́ńbà ara rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú 5N, ti Nàìjíríà ni, NCAA ló sì ń bójú tó o.

Kí ló máa ń wà nínú àṣẹ kànńpá?

- Àléébù náà àti ewu tó lè fà.
- Irú ẹ́ńjìnnì tó kàn, nígbà mìíràn pẹ̀lú nọ́ńbà ara wọn.
- Ohun tí wọ́n gbọ́dọ̀ ṣe: àyẹ̀wò, pípààrọ̀ ẹ̀yà, tàbí ìlànà tuntun fún awakọ̀.
- Gbèdéke, tí wọ́n lè fi ọjọ́ dá, tàbí wákàtí tí ẹ́ńjìnnì ti ṣiṣẹ́, tàbí iye ìgbà tó ti gbéra tó sì balẹ̀.

Bí ewu bá pọ̀, àṣẹ pàjáwìrì á sọ pé kí wọ́n ṣe é kí bàálù tó tún fò. Bí kò bá le tó bẹ́ẹ̀, wọ́n á fún wọn láyè, nígbà mìíràn pẹ̀lú àyẹ̀wò lóòrèkóòrè títí àtúnṣe fi parí.

Ojúṣe ẹni tó ní bàálù

Ẹ má dúró de ìgbà tí ayẹ̀wò ìjọba bá dé. Ẹ máa wo àṣẹ tuntun tó bá jáde lórí ẹ́ńjìnnì yín, kí ẹ sì kọ èyí tí ẹ ti ṣe àti èyí tó kù sínú àkọsílẹ̀. Bí ẹ bá fẹ́ ra ẹ́ńjìnnì àlòkù, ẹ kọ́kọ́ béèrè àkọsílẹ̀ yìí, torí àṣẹ ń bá ẹ́ńjìnnì lọ síbikíbi tí wọ́n bá gbé e lọ. Bí ẹ bá gbé ẹ́ńjìnnì fún àtúnṣe ńlá, ẹ béèrè àwọn ìwé ìmọ̀ràn tó wà lórí rẹ̀. Bí ìmọ̀ràn bá kan ọ̀nà epo, ẹ ṣe é kó tó di àṣẹ.

Ojúṣe ẹnjiníà

Ẹ tẹ̀ lé ìwé iṣẹ́ bó ṣe wà, ẹ má fi orí ṣe é. Páìpù epo tí wọ́n bá lọ́ díẹ̀ kó lè wọ àyè rẹ̀ lè má jò lónìí. Ìgbọ̀n ẹ́ńjìnnì lè là á níjọ́ mìíràn. Ìbọwọ́lùwé yín ni ẹ̀rí tí awakọ̀ àti èrò gbẹ́kẹ̀ lé. Bí ẹnikẹ́ni bá ń fi ipá mú yín láti buwọ́ lu iṣẹ́ tí kò parí, ẹ má ṣe é, kí ẹ sì fi tó NCAA létí.

Ojúṣe awakọ̀

Bí ẹ́ńjìnnì bá lọ́ra láti dáhùn, kódà fún ìṣẹ́jú-àáyá díẹ̀, ẹ kọ ọ́ sínú ìwé bàálù lẹ́yìn tí ẹ bá balẹ̀. Bí agbára bá já lójú òfuurufú, ẹ mú ìwé àtẹ̀lé, ẹ sọ fún àwọn olùdarí nílẹ̀ láìfi nǹkan kan pa mọ́, ẹ sì balẹ̀ síbi tó yẹ tó sún mọ́ jù lọ.

Ìbéèrè tí àwọn èrò máa ń béèrè

*Ṣé bàálù tí àṣẹ kànńpá kàn ti di bàálù burúkú?* Rárá. Bàálù tí àṣẹ kò kàn rí ṣọ̀wọ́n. Èyí tí kò dára ni èyí tí wọ́n kọ̀ láti tún ṣe.

*Ṣé mo lè rí àwọn àṣẹ yìí kà?* Bẹ́ẹ̀ ni. FAA àti EASA ń gbé wọn sórí íntánẹ́ẹ̀tì fún gbogbo ayé.

*Kí ni mo lè ṣe tí mo bá rí ohun tó ń dà mí láàmú?* Bí ẹ bá rí epo tó ń jò, tàbí tí ẹ gbọ́ òórùn epo tó lágbára nínú bàálù, ẹ pe òṣìṣẹ́ inú ọkọ̀ lójú ẹsẹ̀. Ẹ má rò pé wọ́n ti rí i.

*Wọ́n ní ìrìnàjò falẹ̀ nítorí àtúnṣe ẹ́ńjìnnì. Kí ni kí n ṣe?* Ẹ ní ẹ̀tọ́ láti béèrè àlàyé àti ìtọ́jú tó yẹ. Ṣùgbọ́n ẹ má fi ariwo tàbí èébú ti awakọ̀ àti ẹnjiníà láti gbéra kí iṣẹ́ wọn tó parí.

Ọ̀rọ̀ ìparí

Ní Heathrow, wọ́n rí àléébù, wọ́n fi àṣẹ dè é, wọ́n sì tún un ṣe. Ní Ìjù-Ìṣàgá, ìwé àtúnṣe ti wà nílẹ̀ fún nǹkan bí ọdún mẹ́sàn-án kí èèyàn 159 tó kú. A bẹ ẹ̀yin onílé-iṣẹ́ bàálù, ẹ ṣe àtúnṣe tó kàn yín kí gbèdéke tó pé. A sì bẹ ẹ̀yin èrò, bí wọ́n bá ní kí ẹ dúró torí àtúnṣe ẹ́ńjìnnì, ẹ fi sùúrù dúró. Ẹ̀mí yín ni wọ́n ń tún ṣe.