Iná mẹ́fà níwájú, bíréèkì ò sí nídìí! Ẹ wo ohun tí àwọn ọlọ́kadà ń náwó lé n'Iléṣà àti Òṣogbo

Ẹ̀yin èèyàn wa, ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ sọ yìí, wọn ò sọ ọ́ fún mi o, èmi gan-an ló ṣẹlẹ̀ sí. Mo gbéra l'Óṣogbo láàárọ̀ ọjọ́ kan, oko ẹ̀gbọ́n mi kan lẹ́yìn Iléṣà ni mò ń lọ. Nígbà tí mo bọ́ sílẹ̀ nínú mọ́tò, mo bẹ̀rẹ̀ sí í wá ọ̀kadà tí yóò gbé mi wọ inú oko. Àwọn ọ̀kadà tó wà nílẹ̀ tó mẹ́wàá, ṣùgbọ́n ọ̀kan yàtọ̀ láàárín wọn. Iná tó wà níwájú ẹ̀ nìkan jẹ́ mẹ́fà, búlúù àti pupa. Ìjókòó ẹ̀ nípọn bíi tìmùtìmù olóyè, hóònù ẹ̀ ń ké bíi ti tírélà, wọ́n sì kọ "Ẹ̀yin Ọ̀tá, Ẹ Sinmi" sẹ́yìn ẹ̀. Ojú mi wọ ẹwà, òun ni mo gùn.

A ò tíì rìn jìnnà tí a fi dé gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ kan, ni ewúrẹ́ kan bá já sójú ọ̀nà. Ọmọkùnrin náà tẹ bíréèkì, ọ̀kadà ń lọ. Ó tún un tẹ̀, ọ̀kadà ń lọ. Ó wá na ẹsẹ̀ méjèèjì sílẹ̀, ó ń wọ́ wọn, hóònù tírélà ń ké, ewúrẹ́ sá lọ, inú igbó ni èmi àtòun bá ara wa. Ọlọ́run ló yọ wá. Orúnkún mi bó, kókósẹ̀ tiẹ̀ sì wú.

Nígbà tí a gbé ọ̀kadà dìde, mo bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, mo wò ó. Bíréèkì ẹ̀yìn ti jẹ tán. Ti iwájú, wọ́n ti tú wáyà ẹ̀ kúrò. Táyà ẹ̀yìn sì ń dán bí orí apárí.

Mo ní, "Àbúrò, èló lo ná sórí àwọn iná wọ̀nyí?"

Ó ní, "Bọ̀ọ̀dá, owó àjọ oṣù mẹ́ta ni."

"Bíréèkì ńkọ́?"

Ó wolẹ̀. Ó ní, "Mo ní kí n gba àjọ tó ń bọ̀ ná ni, sà."

Ọ̀kadà náà gan-an, àwìn ló gbà á, ó ṣì ń san án díẹ̀díẹ̀. Ẹ̀yin náà sì mọ̀ pé ilẹ̀ Ìjẹ̀ṣà la wà, ilẹ̀ àwọn Òṣómàáló. Ẹni tó jẹ wọ́n lówó, bí ẹsẹ̀ ẹ̀ kán, bí kò kán, wọ́n á lóṣòó síwájú ilé ẹ̀.

Àwọn òyìnbó náà ń ṣe é

Mi ò sọ pé kí èèyàn má tún ọ̀kadà ẹ̀ ṣe. Òun ni oko, òun ni ọjà. Ọkọ̀ òfuurufú Okada Air, tí Olóyè Gabriel Igbinedion dá sílẹ̀ ní 1983, la ti yá orúkọ tí a sọ ọ́. Ọkọ̀ òfuurufú yẹn ti kógbá wọlé láti 1997, ṣùgbọ́n ọ̀kadà wa ṣì ń fò. Lórí òkè àti ọ̀nà ẹlẹ́rẹ̀ ilẹ̀ Ìjẹ̀ṣà, ibi tí mọ́tò ò lè dé, òun ló ń gbé obì àti kòkó jáde.

Ẹ tún wá gbọ́ èyí. Àwọn òyìnbó ní ọ̀kadà ńlá kan tí wọ́n fi ń rìnrìn àjò ọ̀nà jíjìn. Ilẹ̀ Áfíríkà ni ọ̀kan tó gbajúmọ̀ nínú wọn ti gba orúkọ. Eré ìje Paris-Dakar, tó bẹ̀rẹ̀ lópin ọdún 1978, máa ń gba aginjù Sàhárà kọjá wọ Sẹ̀nẹ̀gà tẹ́lẹ̀. Honda gbégbá orókè níbẹ̀ nínú ìje àwọn alùpùpù láti 1986 dé 1989, wọ́n sì gbé èyí tí wọ́n pè ní Africa Twin jáde ní 1988.

Ọmọ Yorùbá kan náà ti fi alùpùpù ṣe bẹbẹ. Kúnlé Adéyanjú gbéra ní London lọ́jọ́ 19, oṣù kẹrin, ọdún 2022, ó sì wọ Èkó lọ́jọ́ 29, oṣù karùn-ún. Ọjọ́ mọ́kànlélógójì gbáko! Owó tí wọn yóò fi gbógun ti àrùn rọmọlápá-rọmọlẹ́sẹ̀ ló ń wá.

Ẹni tó bá ń lọ irú ọ̀nà bẹ́ẹ̀, kì í ṣe hóònù ló máa ń kọ́kọ́ rà. Táyà tó léyín ló ń rà, àti bíréèkì tó múná, irin tí yóò dáàbò bo ẹ́ńjìnnì bí ó bá ṣubú, àti àpótí ẹrù tó dúró dáadáa. Ẹ̀yìn ìyẹn ni ẹwà tó ń dé.

Ohun tó yẹ kẹ́ ẹ mọ̀

Ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ látorí bíréèkì. Ọ̀pọ̀ ọlọ́kadà gbà pé ti iwájú ló ń dojú èèyàn délẹ̀, wọ́n á wá tú u. Irọ́ ni. Bí ọ̀kadà bá fẹ́ dúró, iwájú ni gbogbo ìwúwo ń sáré lọ, táyà iwájú ló sì ń dá a dúró jù. Ẹ rọra tẹ̀ ẹ́ pọ̀ mọ́ ti ẹ̀yìn, pàápàá lórí yanrìn.

Ẹni tó ń gun òkè Ìjẹ̀ṣà pẹ̀lú ẹrù lè ní kí mẹkáníìkì fi irin eléyìn tó tóbi díẹ̀ sí ẹ̀yìn, níbi tí ṣéènì ti ń yí. Ọ̀kadà á lágbára láti gun òkè, ṣùgbọ́n eré ẹ̀ á dín kù, á sì máa jẹ epo lójú títì tó tẹ́jú. Ẹni tó jẹ́ pé àárín ìgboro Òṣogbo ló ti ń ná an, kí ló fẹ́ fi í ṣe?

Àwọn tó ń yọ fíltà afẹ́fẹ́ kí ọ̀kadà lè sáré, ekuru oko ni wọ́n ń fún ẹ́ńjìnnì jẹ. Kò ní pẹ́ tí pisítìnì yóò fi jẹ, owó ńlá dé nìyẹn. Àwọn tó ń gbọ̀n inú sàìlẹ́ńsà nù, ariwo ni wọ́n rà, wọn ò ra agbára. Ìlù tó bá sì ń dún àdúnjù, fífàya ló kù.

Iná yín ńkọ́? Iná tó pọ̀ ju agbára bátìrì lọ á pa á. Wáyà tí kò dáa lè yọ́, ẹ má sì gbàgbé pé epo wà nítòsí. Iná kan tó mọ́lẹ̀ kedere sàn ju mẹ́fà tó ń ṣẹ́jú lọ.

Akoto ìdáàbòbò orí náà ńkọ́? Ní oṣù kìn-ín-ní ọdún 2009, nígbà tí àwọn ẹ̀ṣọ́ ojú pópó bẹ̀rẹ̀ sí í mú ẹni tí kò bá dé e, igbá ni àwọn kan dé sórí. A rẹ́rìn-ín nígbà náà, ṣùgbọ́n bí orí bá kanlẹ̀, igbá kì í ṣe nǹkan kan.

Ó lé lóṣù kan lẹ́yìn náà kí n tó tún lọ sóko. Ọmọkùnrin yẹn náà ni mo tún bá níbùdókọ̀. Iná ẹ̀ ti ku méjì. Ó rí mi, ó rẹ́rìn-ín, ó nawọ́ sí táyà tuntun. Ó ní, "Bọ̀ọ̀dá, ẹ gùn ún, mo ti tà wọ́n."

Mo dá a lóhùn pé ó ṣeun. Ṣùgbọ́n kí n tó gùn ún, mo bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, mo kọ́kọ́ wo bíréèkì.