Ìsọmọlórúkọ lókè òkun: ọjọ́ karùn-ún ti ìwé, ọjọ́ kẹjọ ti ilé

Ilé là á wò kí á tó sọmọ lórúkọ. Ní Kétu, ní Ṣábẹ àti ní Àjàṣẹ́, òwe yìí kò ṣòro láti tẹ̀ lé, torí ilé náà wà níbẹ̀: bàbá àgbà wà nítòsí, àwọn ìyá wà ní ẹ̀yìnkùlé, olórí ẹbí kò jìnnà. Ṣùgbọ́n tọkọtaya tí wọ́n ń gbé ilẹ̀ Faransé, tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ bí àkọ́bí wọn, àwọn méjì péré ni ilé. Báwo ni wọn yóò ṣe sọ ọmọ náà lórúkọ bó ṣe yẹ, nígbà tí òfin ìlú ń bèèrè orúkọ kí ọjọ́ ìsọmọlórúkọ tó pé?

Ọjọ́ méjì tí kò bára mu

Samuel Johnson kọ ọ́ sínú ìwé ìtàn Yorùbá rẹ̀, tó jáde ní 1921, pé ọjọ́ kẹsàn-án ni wọ́n ń sọ ọmọkùnrin lórúkọ, ọjọ́ keje ni ti ọmọbìnrin, ọjọ́ kẹjọ sì ni ti ìbejì. Lóde òní, ọjọ́ kẹjọ ló wọ́pọ̀ jù fún gbogbo ọmọ. A máa ń ka ọjọ́ ìbí mọ́ ọn: ọmọ tí a bí ní ọjọ́ Àìkú, ọjọ́ Àìkú tó tẹ̀ lé e ni yóò gba orúkọ.

Òfin Faransé ní kí á kéde ìbí ọmọ ní ilé ìjọba ìlú, ìyẹn mairie, láàárín ọjọ́ márùn-ún. Ọjọ́ mẹ́ta ni tẹ́lẹ̀. Òfin 2016 ló fi méjì kún un. Àwọn kì í ka ọjọ́ ìbí mọ́ ọn, nítorí náà ọmọ ọjọ́ Àìkú yẹn, ọjọ́ Ẹtì ni gbèdéke rẹ̀. Bí ọjọ́ bá kọjá, ó di ọ̀rọ̀ ilé ẹjọ́.

Ìwé ti ṣáájú omi àti oyin nìyẹn. Ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ tọkọtaya ti ń yan orúkọ fúnra wọn, tí wọ́n á wá fi ránṣẹ́ sílé bí ìròyìn. Bàbá àgbà lè má bínú síta, ṣùgbọ́n ó mọ̀ pé a kò bi òun. Ó sì lè jẹ́ pé òun ló mọ ohun tí tọkọtaya kò mọ̀: ẹni tó kú nílé, tó fi yẹ kí ọmọ náà jẹ́ Babátúndé tàbí Yétúndé.

Kí ọmọ tó dé

Ìjíròrò ọjọ́ kẹjọ ni kí á mú ṣáájú. Bí oyún bá ti pé oṣù méje, kí tọkọtaya bèèrè orúkọ lọ́wọ́ ẹbí ọkọ àti ẹbí ìyàwó, orúkọ ọkùnrin àti ti obìnrin. Òfin Faransé kò dí wa lọ́wọ́ níbí. Láti 1993, àwọn òbí lómìnira láti yan orúkọ, wọ́n lè kọ ju ẹyọ kan lọ, èyíkéyìí nínú wọn sì lè di orúkọ tí a ó máa pe ọmọ. Orúkọ ìdílé méjèèjì lè wọ inú ìwé kan náà.

Ti orúkọ àmútọ̀runwá yàtọ̀, torí ènìyàn kọ́ ló ń yàn án. Ọmọ tó fi ẹsẹ̀ jáde ni Ìgè. Èyí tí ìwọ́ kọ́ lọ́rùn ni Òjó tàbí Àìná. Èyí tó wà nínú àpò rẹ̀ títí tó fi dé ni Òkè. Nílé, àwọn ìyá àgbà tó gbẹ̀bí ni wọ́n ń rí i. Ní ilé ìwòsàn lọ́hùn-ún, ẹ bi agbẹ̀bí bí ọmọ ṣe wáyé, kí ẹ sì pe ilé kí ẹ tó lọ sí mairie.

Bí a ṣe ń kọ ọ́

Ìwé àṣẹ ti ọjọ́ 23 oṣù Keje 2014 to àwọn àmì tí ìforúkọsílẹ̀ Faransé gbà lẹ́sẹẹsẹ. Kò sí ẹ, ọ àti ṣ níbẹ̀. Ṣẹ́gun yóò di Chègoun, Kẹ́hìndé yóò di Kèhindé. Kí àwọn olùwádìí ṣàkíyèsí pé àmì orí è yìí kì í ṣe ohùn ìsàlẹ̀. Lẹ́tà ẹ ló dúró fún. Ẹni tó bá kà á bí ìwé Nàìjíríà yóò ṣi orúkọ náà pè. Nítorí náà, ẹ kọ orúkọ sínú ìwé ìdílé pẹ̀lú ohùn rẹ̀, yálà pẹ̀lú ẹ àti ọ, tàbí ɛ àti ɔ bí a ti ń kọ́ ọ ní Bẹ̀nẹ̀. Ẹ tún gba ohùn ẹni tó fún un ní orúkọ sílẹ̀.

Ọjọ́ kẹjọ fúnra rẹ̀

Ìwé kò pa ọjọ́ kẹjọ rẹ́. Omi, iyọ̀ àti oyin wà níbi gbogbo. Àwọn tó wà ní Párísì ń rí obì, orógbó àti ataare rà ní Château Rouge. Ní ìgbà òtútù, aago Párísì àti ti Bẹ̀nẹ̀ dọ́gba. Ní ìgbà ooru, Párísì fi wákàtí kan ṣáájú. Fún àwọn ará wa ní Àtàkpàmé ní Tógò, ẹ fi wákàtí kan kún un. Àárọ̀ kan náà lè jẹ́ àárọ̀ fún gbogbo ẹbí lórí fóònù.

Kí àgbà ilé ṣe àdúrà, kí òbí tó wà pẹ̀lú ọmọ máa fi ohun tí àgbà bá dárúkọ kàn án lẹ́nu; oyin nìkan ni kí ẹ má fi kàn án, torí àwọn dókítà kò fẹ́ kí ọmọ tí kò tíì pé ọdún kan tọ́ ọ wò: kí ìyá àti bàbá lá a dípò rẹ̀. Ẹni tó bá sọ orúkọ, kí ẹnì kan bá a ju owó sínú omi, kí ẹ kọ orúkọ náà àti ẹni tó sọ ọ́ sílẹ̀. Oríkì, bí Àjàní tàbí Àbẹ̀kẹ́, kì í sábà wọ ìwé mairie: ẹ jẹ́ kí ìyá àgbà fi pe ọmọ náà létí, kí òbí sì máa fi kí i lójoojúmọ́.

Ẹ̀yin ọmọ ẹgbẹ́ tó ti ṣe é lọ́hùn-ún, ẹ jọ̀wọ́, ẹ kọ bí ẹ ṣe ṣe é ránṣẹ́ sí wa: orúkọ, ìtumọ̀ rẹ̀ àti ìlú tó ti wá. Àwọn tó ń retí ọmọ yóò rí i lò.