Alántakùn Lápá Ṣójà Bọ́mà

Irọ́: Àwọn ọmọ wa tó lọ jà ní Bọ́mà nígbà ogun Hítílà kàn gbé aṣọ Gẹ̀ẹ́sì wọ̀ ni, kò sí ohunkóhun lára wọn tó fi ibi tí wọ́n ti wá hàn.

Òótọ́: Àmì wà lára wọn gbangba. Alántakùn dúdú lórí ègé aṣọ ìyeyè ló wà lápá àwọn ọmọ ogun Dífíṣọ̀n 81 ti Ìwọ̀ Oòrùn Áfíríkà, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1943. Ananse ni, ọlọ́gbọ́n ẹ̀wẹ́ inú àlọ́ àwọn ará Gánà, tó ń ṣe níbẹ̀ ohun tí Ìjàpá ń ṣe nínú àlọ́ tiwa. Nínú Dífíṣọ̀n 81 yìí, ọmọ Nàìjíríà, Gold Coast (Gánà òde òní), Sierra Leone àti Gáḿbíà ló jọ ń wọ alántakùn kan náà.

Àmì Dífíṣọ̀n 82, tí òun náà lọ sí Bọ́mà, ló wọ̀ mí lára jù: ọ̀kọ̀ méjì tó dábùú ara wọn, tí wọ́n gba inú òṣùká kọjá. Ẹ gbọ́, òṣùká! Mọ́tò kò ráyè nínú igbó àti òkè Arakan ní Bọ́mà, orí ni wọ́n fi ń ru ọta ìbọn àti oúnjẹ, bí àwọn ìyá wa ṣe ń ru igi bọ̀ láti oko. Ẹni tó yan àmì yẹn mọ àwọn tó ru ogun náà.

Irọ́: Tipátipá ni wọ́n fi kó gbogbo wọn.

Òótọ́: Wọ́n fipá mú àwọn kan lóòótọ́. Ṣùgbọ́n Isaac Fadoyebo, ọmọ Emùré-Ilé lẹ́bàá Ọ̀wọ̀, fẹsẹ̀ ara rẹ̀ rìn lọ forúkọ sílẹ̀ ní 1942, lọ́mọ ọdún 16. Iṣẹ́ ìtọ́jú aláìsàn ni wọ́n fún un. Ní oṣù kẹta 1944, ìbọn àwọn ará Japan fọ́ egungun itan rẹ̀ létí odò Kaladan ní Bọ́mà. Àgbẹ̀ kan tó ń jẹ́ Shuyiman ló fi òun àti David Kargbo, ọmọ ogun láti Sierra Leone, pamọ́, ó ń fún wọn lóúnjẹ títí àwọn ọmọ ogun Gẹ̀ẹ́sì fi dé ní oṣù Kejìlá. Bí àwọn ará Japan bá ká a mọ́ àgbẹ̀ náà lọ́wọ́, pípa ni wọn ì bá pa á.

Fadoyebo padà sílé, ó ṣiṣẹ́ ìjọba, ó sì kọ ìtàn náà sílẹ̀. Kí ó tó kú ní 2012, oníròyìn Barnaby Phillips bá a gbé lẹ́tà ọpẹ́ lọ sí Bọ́mà, ó sì fà á lé àwọn ọmọ Shuyiman lọ́wọ́.